Igi tó ń súfèé yẹn kì í ṣe páìnì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ká gbin kasuarína, igi tó máa ń súfèé nínú afẹ́fẹ́, sí etí òkun Èkó. Ẹ pè é ní páìnì, igi eléwé bí abẹ́rẹ́, kì í ṣe páìnì rárá. Ohun tó jọ abẹ́rẹ́ lára kasuarína yẹn, ẹ̀ka tín-ín-rín ni. Ewé rẹ̀ gan-an wà ní oríkèé, ó kéré bíńtín. Káfíńtà ni mí l'Óṣogbo. Wọ́n gé ọ̀kan wá fún mi rí: ìṣó ń tẹ̀, ojú ayùn kú, nígbà tó sì gbẹ tán, ó là káàkiri. Òpó àti èédú ló dára fún, bí igi ayín tiwa. Ẹ ní ní Sẹ̀nẹ̀gàl, láàárín Dakar àti Saint-Louis, kasuarína ló ń dá iyanrìn dúró kó má bo oko ẹ̀fọ́. Òótọ́ nìyẹn. Àmọ́ ẹ ò sọ ti Florida ní Amẹ́ríkà, níbi tó ti ń lé àwọn igi ìbílẹ̀ kúrò, tí ìjì sì ń fà á tu torí gbòǹgbò rẹ̀ ò wọlẹ̀ púpọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tún fẹ́ gbìn ín sétí odò Ọ̀ṣun wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọparun sílẹ̀ níbẹ̀.