Ẹ Yé Fi Ìdánwò Béèsì Yìí Tàn Wá Mọ́

Wọ́n tún ti gbé ìdánwò òmíràn dé sórí ayélujára, pé ká fetí sí béèsì, ká dìbò! "Ẹ dijú, ẹ sọ èyí tó wọ́n jù nínú gìtá béèsì mẹ́ta yìí." Ìdánwò wo nìyẹn? Okùn tuntun ló wà lórí ọ̀kan, béèsì Fender tí wọ́n ń pè ní Precision, tó ń dún wínwín. Okùn orí Jazz Bass, béèsì Fender mìíràn, ti gbó, ó ti kú pátápátá. Ṣé béèsì lẹ fi ń wéra ni àbí okùn? Olóògbé James Jamerson, ògbóǹtarìgì nínú béèsì títa, kì í sábà pààrọ̀ okùn Precision tó ń ta ní Motown, ilé-iṣẹ́ agbórin-jáde ní Amẹ́ríkà, ohùn rẹ̀ sì wà níbẹ̀ títí dòní!

Wọ́n á tún sún ohùn ọ̀kan sókè díẹ̀, wọ́n á ní òun ló dùn jù. Ṣebí èyí tó bá ròkè jù ni etí máa ń yàn! Ẹ ò lè mú wọn dọ́gba kẹ́ ẹ tó pè wá ni? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ẹ gbé ìka tẹ́ ẹ fi ń ta okùn sítòsí bíríìjì, ibi tí okùn ti so mọ́ ara béèsì, ohùn á le. Ẹ sún un sẹ́bàá ọrùn, á kún. Béèsì kan ṣoṣo nìyẹn o!

Àwọn tó ń dìbò ńkọ́? Fóònù ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ! Okùn E, èyí tó nípọn jù tí ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀ jù, ń gbọ̀n bí ìgbà 41 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Sípíkà fóònù wo ló fẹ́ gbé ìyẹn jáde? Síbẹ̀ wọ́n ń búra, wọ́n ń bú ara wọn. Èmi ò dìbò mọ́!