Wọ́n tún fáàfù ọkàn rẹ̀ ṣe, ẹ wá sọ ọ́ di ẹyin

"Ẹ má jẹ́ kó gbé nǹkan kan o, wọ́n ti la àyà ẹ̀." Ilé tí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún ẹnìkan mọ gbólóhùn yìí dáadáa. Oṣù kìíní, ó bójú mu. Oṣù kẹfà, wọn ò tíì jáwọ́. Nígbà tó bá fi máa pé ọdún kan, kò sí ibi tí ẹni náà ń lọ ju láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga, àwọn àna sì ti ń sọ ní kọ̀rọ̀ pé kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ láyé. Ìfẹ́ ló wà nídìí ẹ̀, mi ò jiyàn. Àmọ́ kì í ṣe òótọ́ pé ọkàn tí wọ́n bá tún ṣe gbọ́dọ̀ máa sinmi títí ayé, èrò yẹn sì ń pa aláìsàn lára.

Ohun tó ń rú wa lójú ni pé nǹkan méjì ló ń jinná pa pọ̀. Egungun àyà ni ọ̀kan. Kí oníṣẹ́ abẹ tó dé ibi tí ọkàn wà, ayùn ló sábà máa ń fi la egungun yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tó bá ṣe tán, á fi wáyà irin dè é pa pọ̀, wọn kì í sì í sábà yọ wáyà ọ̀hún mọ́. Egungun yìí ló ń gba bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 kó tó mú. Tìtorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ní kí aláìsàn má gbé ohun tó ju kílò 4 tàbí 5 lọ, kó má tíì wa mọ́tò, kó má fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ dìde lórí àga, kó sì gbá ìrọ̀rí mọ́ àyà tó bá fẹ́ wúkọ́. Kẹ́ẹ̀gì omi tí ẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, egungun lẹ ń gbèjà. Fáàfù, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń darí ẹ̀jẹ̀ nínú ọkàn, kò mọ nǹkan kan sí i.

Ọkàn ni ìkejì, òun kò sì fẹ́ jókòó. Ẹ jẹ́ ká mú fáàfù mitral, èyí tó wà láàárín yàrá òkè àti yàrá ìsàlẹ̀ lápá òsì ọkàn. Tó bá ń jò, gbogbo ìgbà tí ọkàn bá fún ẹ̀jẹ̀ jáde ni díẹ̀ nínú rẹ̀ ń padà sẹ́yìn, sọ́nà ẹ̀dọ̀fóró. Bí èyí bá ti pẹ́, yàrá ìsàlẹ̀ á ti fẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ. Ọjọ́ tí wọ́n bá dí jíjò náà kọ́ ló máa súnkì. Díẹ̀díẹ̀ ni, ó sì lè gba oṣù 6 tàbí ọdún kan gbáko.

Ibí yìí ni ẹ̀rù ti máa ń ba ọ̀pọ̀ ìdílé. Wọ́n á ṣe àyẹ̀wò echo, ìyẹn fífi ẹ̀rọ ya àwòrán ọkàn, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, nọ́ńbà tó ń sọ bí ọkàn ṣe ń fún ẹ̀jẹ̀ tó á wá kéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n á ní dókítà ti ba nǹkan jẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí fáàfù ń jò, ó rọrùn fún ẹ̀jẹ̀ láti gba ẹ̀yìn lọ, nọ́ńbà náà sì ń pọ́n ọkàn ju agbára rẹ̀ lọ. Ní báyìí tí ẹ̀yìn ti dí, iwájú ni gbogbo ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde, a wá rí agbára rẹ̀ gan-an. Bí wọn kò bá fi iṣẹ́ abẹ falẹ̀ jù, ó sábà máa ń gòkè padà.

Ìrìn ló sì ń ràn án lọ́wọ́. Nílé ìwòsàn pàápàá, kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn dìde. Ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà, wọ́n ní ètò eré ìdárayá tí nọ́ọ̀sì ń mójú tó. Ó ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kì í gbowó: kó yípo àgbàlá lónìí, kó dé ìparí àdúgbò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó ṣì lè máa sọ̀rọ̀ bó ṣe ń rìn. Bí èémí bá há a, tí àyà dùn ún tàbí òòyì kọ́ ọ, kó dúró, kó pe dókítà. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ ṣáá, ẹ̀jẹ̀ lè dì sí i lẹ́sẹ̀. Àárẹ̀, àìróorun-sùn àti ìbànújẹ́ wọ́pọ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Kì í ṣe ayé ló ń ṣe é. Bí ọkàn bá ń lù ségesège, ìyẹn gbọ́dọ̀ détí dókítà kíákíá.

Èyí tó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé ilé kan náà tí kò jẹ́ kó gbálẹ̀ ló ń jẹ́ kó pa abẹ́rẹ́ jẹ. Lọ́dọ̀ wa, rheumatic fever ló ba fáàfù ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ jẹ́, àìsàn tó ń tẹ̀lé ọ̀fun dídùn tí wọn kò tọ́jú lọ́mọdé. Iṣẹ́ abẹ kò lé e lọ. Abẹ́rẹ́ pẹnisílìn ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 gbọ́dọ̀ máa bá a lọ fún ọdún pípẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó lè padà wá ba èyí tí wọ́n tún ṣe jẹ́. Ẹni tí wọ́n fi fáàfù onírin sí lára ní tirẹ̀ máa lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, títí ayé, kó má sì da àgbo pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀fọ́ lè dín agbára oògùn yìí kù, àmọ́ kì í ṣe èèwọ̀. Kó ṣáà má jẹ ìkòkò kan lọ́sẹ̀ yìí, kó wá fi í sílẹ̀ pátápátá lọ́sẹ̀ kejì. Obìnrin tó ń lo warfarin tó sì fẹ́ bímọ, kó rí dókítà kó tó lóyún, torí oògùn náà lè ṣe ọmọ inú ní ìjàǹbá. Ọ̀kan nìyẹn lára ìdí tí wọ́n fi ń fẹ́ tún fáàfù ọ̀dọ́bìnrin ṣe ju kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, bó bá ṣeé ṣe.

Òrùka tí wọ́n sábà fi ń tún fáàfù ṣe, èyí tí Alain Carpentier, oníṣẹ́ abẹ ará Faransé, ti gbé jáde kó tó di ọdún 1970, inú ọkàn ló ń wà. Kòkòrò àrùn láti ẹnu lè lọ bà lé e. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó fa eyín rẹ̀, kó sọ fún dókítà eyín pé òrùka wà nínú ọkàn òun, kí wọ́n fún un ní oògùn tó yẹ kó lò ṣáájú.