"Haben" kì í ṣe ọmọ "habere"

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni olùkọ́ wa tún sọ ọ́ ní kíláàsì èdè Jámánì: pé haben, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ pé èèyàn ní nǹkan, ọ̀dọ̀ habere ti Látìn ló ti wá. Gbogbo kíláàsì ń mi orí. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ẹ̀rí kan ṣoṣo tí wọ́n ní ni pé ojú àwọn méjèèjì jọra, ìtumọ̀ wọn sì pàdé. Àwa tá à ń kọ ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kò yẹ ká jẹ́ kí ìjọra lẹ́tà tàn wá jẹ.

Èmi náà gbà á gbọ́ rí, títí mo fi pín ojú ewé ìwé kan sí méjì, tí mo ń kọ Látìn sápá kan, Jámánì sápá kejì. Ọgọ́rùn-ún: centum, hundert. Ìwo: cornu, Horn. Ajá: canis, Hund. Ọkàn: cor, Herz. Níbi tí Látìn bá ti ní c, tí wọ́n ń pè bíi k, h ni Jámánì ń gbé wá. Gẹ̀ẹ́sì náà bẹ́ẹ̀: hundred, horn, hound, heart. Rasmus Rask, onímọ̀ èdè ọmọ Denmark, ti kọ ọ́ ní 1818, Jacob Grimm, onímọ̀ èdè ọmọ Jámánì, sì tò ó bí òfin ní 1822.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá ẹbí haben nínú Látìn, ọ̀rọ̀ tó fi c bẹ̀rẹ̀ ni kó wá. Òun náà ni capere, "gbá mú". Ti b àárín haben kò le, p Látìn máa ń di b nígbà mìíràn: septem Látìn ni sieben, èje. Ohun tí ọwọ́ mi bá dì mú, mo ti ní in. Bí ìtumọ̀ ṣe rìn nìyẹn.

h ti habere wá ńkọ́? g ni òun ń bá pàdé ní Jámánì: hortus àti Garten, ọgbà, hostis, tó jẹ́ àlejò nígbà kan kó tó di ọ̀tá, àti Gast. Geben, "fún", ló wá jọ ẹbí habere. Àwọn onímọ̀ kan ṣì ń jiyàn lórí fáwẹ̀lì geben, mo gbà; ìyẹn ò sọ haben di ọmọ habere.

Àwọn kan á ní bóyá àwọn Jámánì yá a lò ni. Ẹ wo ohun tí àwọn Jámánì yá lọ́wọ́ àwọn ará Róòmù: Straße, títì, Mauer, ògiri, Fenster, fèrèsé. Ohun tí Róòmù gbé dé ni wọ́n. Haban ti wà nínú Bíbélì tí Wulfila túmọ̀ sí èdè Gọ́ọ̀tì, ìbátan Jámánì láyé àtijọ́, ní ọ̀rúndún kẹrin, Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ sì ní habban. Ogún ìdílé ni.

Mo nawọ́ sókè lọ́jọ́ náà, mo kọ centum àti hundert sára pátákó. Olùkọ́ ní ká ṣí ojú ewé tó kàn.