Scan tó ní «kò sí wàhálà» kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà fún gbogbo ara ọmọ

Láàárín àwa Yorùbá tó ń gbé Kubwa, Nyanya àti Mararaba ní agbègbè Àbújá, ìgbàgbọ́ tó gbilẹ̀ ni pé bí ìwé scan bá ti sọ pé kò sí wàhálà, ọmọ inú oyún náà kò lè ní àlébù kankan. Bí a bá wá bí ọmọ tó ní àlébù, wọ́n á ní ẹni tó ṣe scan purọ́, tàbí pé ayé ló ṣe é lẹ́yìn náà. Ìgbàgbọ́ yìí kò tọ̀nà.

Ìgbì ohùn ni ẹ̀rọ scan ń rán sínú ikùn, èyí tó bá padà ló sì ń di àwòrán. Ìrísí ẹ̀yà ara nìkan ni àwòrán náà lè fi hàn, kò lè fi jíìnì hàn, ìyẹn àwọn ìtọ́ni inú ara tí ọmọ ń jogún lọ́wọ́ òbí, bẹ́ẹ̀ jíìnì ni ọ̀pọ̀ àrùn abímọ́ni tó ṣọ̀wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Nínú ìwádìí Eurofetus tó jáde ní 1999, láti àwọn ilé ìwòsàn ńlá ní Yúróòpù, nǹkan bí 61 nínú 100 àlébù ni scan rí. Ti ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn dára púpọ̀, ó tó 88, ṣùgbọ́n àlébù ńlá inú ọkàn kò pé 40.

Ẹ wo àrùn Meckel-Gruber, ọ̀kan nínú àwọn àrùn abímọ́ni tó ṣọ̀wọ́n tó ń ti inú jíìnì wá. Àmì mẹ́ta ló gbajúmọ̀ jù nínú rẹ̀: ọpọlọ tó yọ láti ìpàkọ́, kíndìnrín tó kún fún àpò omi kéékèèké, àti ìka tó lé. Ìka tó lé nìkan kì í sábà jẹ́ àrùn, àwọn baba wa tilẹ̀ ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Olúgbódi. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí àárín oyún, ìtọ̀ ọmọ ló pọ̀ jù nínú omi tó yí i ká, nítorí náà bí kíndìnrín kò bá ṣiṣẹ́, omi náà á gbẹ, ọmọ á ká jọ, ojú ẹ̀rọ kò sì ní ríran dé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ dáadáa. Àmì kejì á wá bo ẹ̀kẹta mọ́lẹ̀. Àyẹ̀wò jíìnì ló ń fìdí orúkọ àrùn náà múlẹ̀, orúkọ yẹn sì ṣe pàtàkì fún òbí, nítorí pé nínú oyún kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e, ó ṣeé ṣe kí ó tún wáyé ní ìdá kan nínú mẹ́rin.

Scan tí a fi mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo kì í ṣe àyẹ̀wò fínnífínní. Láàárín ọ̀sẹ̀ 18 sí 22 ni kí ẹ béèrè fún èyí tí wọ́n ti ń wo ọkàn, ọpọlọ, ọ̀pá ẹ̀yìn àti kíndìnrín lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì sọ fún dókítà ṣáájú bí irú àlébù bẹ́ẹ̀ bá ti wà nínú ẹbí rí.