Garawa Tí Mo Sá Fún Ń Dúró Dè Mí ní Gáḿbíà

Ẹ gbà mí o. Ọdún 18 gbáko ni mo fi sá fún garawa. Ní Ìsẹ́yìn tí mo ti dàgbà, kànga ni mò ń fà láàárọ̀ kí n tó ronú ilé-ìwé, torí náà lọ́jọ́ tí mo dé Lọ́ńdọ̀nù, tí mo yí ẹnu ẹ̀rọ, tí omi gbígbóná ń ya wá fúnra ẹ̀, mo búra pé garawa ò ní fojú kan ìhòòhò mi mọ́ láyé.

Ìyàwó mi wá ní ó yẹ káwọn ọmọ rí Áfíríkà. Mo ní ká kúkú lọ sílé. Ó ní, "Bàbá Tóbi, ilé wo? Ilé tí gbogbo ẹbí á ti tò síwájú ẹ bí ẹni wá gba káàdì ìdìbò?" Mo dákẹ́. Bó ṣe di Gáḿbíà nìyẹn, bíi wákàtí mẹ́fà láti Gatwick, inú February nígbà tílé-ìwé gba họ́lídè, aago ibẹ̀ àti ti Lọ́ńdọ̀nù ò tiẹ̀ fi ìṣẹ́jú kan ju ara wọn lọ.

Hòtẹ́ẹ̀lì kékeré kan létí odò ló rí, yàrá mẹ́jọ péré, ará abúlé ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àgbẹ̀ abúlé ló ń tà wọ́n lẹ́ja àti ìrẹsì, nínú owó wa ni wọ́n sì ti ń ṣètìlẹ́yìn fún ilé-ìwé abúlé. Mo ní ọmọlúàbí hòtẹ́ẹ̀lì rèé. Àfi ìgbà tá a wọ yàrá. Ògiri amọ̀, òrùlé koríko, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn rọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo wò ó títí, mo ní ilé bàbá bàbá mi mà nìyí, èyí tá a wó lọ́dún 1994 ká lè fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn! Àṣé hòtẹ́ẹ̀lì la fọwọ́ ara wa wó.

Mo ṣílẹ̀kùn ilé ìwẹ̀. Garawa. Igbá lé e lórí. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé omi ò pọ̀, ẹnì kan, garawa kan. Mo ń wò ó, òun náà ń wò mí.

Ti ṣáláńgá ẹ̀yìn ilé lẹ tiẹ̀ ní kẹ́ ẹ gbọ́. Máníjà ṣàlàyé fún wa pẹ̀lú ẹ̀rín pé tá a bá ti ṣe tán ká da eérú lé e, tó bá jẹrà tán á di ajílẹ̀ fún ọgbà ẹ̀fọ́. Ìyàwó mi gbọ́ ọgbà ẹ̀fọ́, látọjọ́ náà kò fẹnu kan ẹ̀fọ́ mọ́. Ó tún gbọ́ pé láti 2015 ni ìjọba Gáḿbíà ti fòfin de àpò náílọ́ọ̀nù, òun tó di gààrí sí náílọ́ọ̀nù, ẹja gbígbẹ sí náílọ́ọ̀nù, tó tún kó náílọ́ọ̀nù sínú náílọ́ọ̀nù.

Ìyá tó ń dáná níbẹ̀, Aku ni wọ́n, ẹ̀yà kan ní Gáḿbíà. Wọ́n gba àwọn baba ńlá wọn sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú, wọ́n sọ̀ wọ́n kalẹ̀ sí Freetown ní Sierra Leone, àwọn kan wá ré kọjá sí Gáḿbíà, Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn gan-an. Wọ́n ní ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó tí wọn ò yéé kí ara wọn làwọn èèyàn fi ń pè wọ́n ní Aku. Ẹ wò ó, àwa la kí èèyàn títí ó fi di orúkọ! Láàárọ̀ màmá gbé àkàrà kalẹ̀, àkàrà náà ni wọ́n pè é. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní ọ̀dọ̀ ẹ̀yà Wolof ni jọ̀lọ́ọ̀fù ti wá, wò ó lórúkọ ẹ̀, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo ṣáà jẹ àwo mẹ́ta.

Alẹ́ ọjọ́ kẹta la dáràn. Sólà ló ń gbé iná níbẹ̀, aago méje ni wọ́n ń tàn án, wọ́n sì ti kìlọ̀ pé ẹ má so áyọ́ọ̀nù mọ́ ọn. Màmá wá pè wá síbi ìsọmọlórúkọ lọ́jọ́ kejì. Ìyàwó mi ní òun ò lè wọ aṣọ rírún lọ sóde. Mo ní má ṣe é. Ó ṣe é. Pàà! Yàrá mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ṣókùnkùn biribiri. A jáde síta, àwọn òyìnbó ti tẹ́ní, wọ́n ń wo ìràwọ̀, wọ́n ní irú ètò tó dáa báyìí! Ìyàwó mi dúró láàárín wọn, áyọ́ọ̀nù gbígbóná wà lẹ́yìn ẹ̀, ó ń sọ pé "beautiful, beautiful."

Nígbà tíná padà dé, ẹnu èmi àti ìyàwó mi ló já pọ̀: "Up NEPA!" Bàbá òyìnbó kan tó wá wo ẹyẹ bi mí bóyá àdúrà ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà, ti ìdúpẹ́ ni.

Lọ́jọ́ tá a ń lọ mo yà wo pátákó tí wọ́n ń kọ ètò ọjọ́ sí. Wọ́n ti fi ẹfun kọ ọ́ sábẹ́ wíwo ẹyẹ: aago 7 alẹ́, Up NEPA.