Babátúndé Lójú Bàbá

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn tó ń ṣèjọba lé wa lórí náà ń wo ilé, kí á má parọ́ mọ́ wọn. Ilé kan ṣoṣo ni wọ́n kàn ń wò, Abùjá ni ilé ọ̀hún sì wà. Ohunkóhun tí ọwọ́ bá ti tó, ì báà ṣe afárá, ì báà ṣe gbọ̀ngàn, ì báà ṣe ráńdàbáòtù tí ewúrẹ́ ń sùn sí, orúkọ ẹni tó ń gbé ilé yẹn ni wọ́n fi ń pè é. Láyé àwọn bàbá wa, bí bàbá bá re ibi àgbà ń rè tán ni a tó ń bí Babátúndé. Ti òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Bàbá wà láàyè, ó ń jẹun, ó ń fọwọ́ síwèé, Babátúndé ti kún ìgboro.

Ẹ wo Minna. Ní 2023, ìjọba àpapọ̀ pín orúkọ fún àwọn pápákọ̀ òfurufú, olóògbé òǹkọ̀wé Hausa kan ni wọ́n fi sọ ti Minna. Nígbà tí yóò fi di March 2024, orúkọ Bola Ahmed Tinubu ti gorí ilé, bàbá oníwèé sì ti padà sínú ìwé rẹ̀. Gbọ̀ngàn ìpàdé àgbáyé tó wà l'Ábùjá ńkọ́? Láti 1991 ló ti wà ńbẹ̀. Wọ́n ná nǹkan bíi bílíọ̀nù 39 náírà láti tún un ṣe, wọ́n ṣí i ní June 2025, orúkọ Ààrẹ ló yọ lójú rẹ̀. Ẹni tó kun ilé ló sọ ọ́ lórúkọ ọ̀gá rẹ̀. Ẹni tó kọ́ ọ, ẹ ṣeun, ẹ máa lọ.

Orúkọ tí wọ́n pín ní 2023 yẹn, ẹni tó bá fara balẹ̀ wò ó á rẹ́rìn-ín. Ládòkè Akíntọ́lá ló gba pápákọ̀ Ìbàdàn. Awólọ́wọ̀, ẹni tó jókòó sí Ìbàdàn gan-an ṣe olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn láti 1954 sí 1959, Port Harcourt ni wọ́n gbé tirẹ̀ lọ. Ẹni tó bá rántí ìjà àwọn méjèèjì ní 1962 á gbà pé ọgbọ́n làjàlàjà ni: bí ọ̀kan bá tún fẹ́ bá èkejì jà, á kọ́kọ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Akúrẹ́ tiwa rí orúkọ Olumuyiwa Bernard Aliu gbà, ẹni tó ti ṣe ààrẹ ìgbìmọ̀ àjọ tó ń rí sí ọkọ̀ òfurufú lágbàáyé. Ìyẹn ò burú, òun mọ bí ọkọ̀ ṣe ń gbéra. Síbẹ̀, ẹ sọ fún ọlọ́kadà pé "Bernard Aliu" lẹ̀ ń lọ. Á bi yín bóyá ilé rẹ̀ ni tàbí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ sọ pé "éápọọ̀tù", kíá, ó ti gbéra.

Bí ìsọmọlórúkọ yìí ṣe ń lọ rèé, fún ẹni tó bá ní afárá tí kò tíì lórúkọ. Ọjọ́ kẹjọ ni tọmọ ènìyàn. Ti afárá, ọjọ́ ìbí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi sọ ọ́ ni, láti January ni wọ́n sì ti máa ń fi bírò pupa yí 29 March ká lórí kàlẹ́ńdà. Iṣẹ́ kò dìgbà tó bá parí. Bí apá ibi tí àlejò máa gbà wọlé bá ti gba ọ̀dà, ó tó. Níbi tí ẹbí ń gbé oyin, iyọ̀, obì, orógbó àti ataare kalẹ̀, lẹ́tà ni tiwọn. Ẹgbẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá á kọ̀wé sí gómìnà pé ọkàn ará ìlú kò ní balẹ̀ àfi bí afárá náà bá jẹ́ orúkọ báyìí. Ará ìlú wà lẹ́nu kànga, ó ń fa omi, kò mọ̀ pé ọkàn òun kò balẹ̀. Aṣòfin kan á gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ìgbìmọ̀. Olórí ilé á ní àwọn tó fẹ́ ńkọ́, ilé á hó "bẹ́ẹ̀ ni". Àwọn tí kò fẹ́ ńkọ́? Ẹnì kan á wúkọ́. Òòlù á dún. Ẹyin tí wọ́n gbé kaná nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ kò tíì jinná.

Òkúta ìrántí ni babaláwo ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká dúró tì í díẹ̀. Mábù dúdú ni, gígùn rẹ̀ á tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, fífẹ̀ rẹ̀ méjì, ìdè mẹ́rin aládé wúrà ni wọ́n fi ń kàn án mọ́ ògiri. Wọ́n á gbẹ́ lẹ́tà sínú rẹ̀, wọ́n á tẹ ọ̀dà góòlù sí ojú gbígbẹ́ náà. Orúkọ àti oyè ẹni ńlá ló ń gba ìlà tó tóbi jù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni orúkọ ẹni tó yẹ kó wá ṣí i, lẹ́yìn ìyẹn orúkọ ẹni tó ṣojú fún ẹni tó yẹ kó wá, lẹ́yìn ìyẹn gómìnà, kọmíṣánnà, ọjọ́ àti oṣù. Ẹni tó po kọnkéré, àtàǹpàkò rẹ̀ wà lẹ́yìn ògiri níbi tó ti fọwọ́ kan sìmẹ́ńtì tútù. Ẹ wo ibẹ̀ dáadáa, ẹ máa rí i. Agbẹ́kùúta kì í fi àmì ohùn sí nǹkan kan, nítorí náà "Oba" tó wà lára pátákó òpópónà Ọba Adésídà àti "Oba" tí wọ́n kọ sí ọ̀nà Ọ̀bà-Ilé, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Bí wọn kò bá fi fánísì bo ọ̀dà góòlù náà, ọ̀yẹ́ kan àti òjò méjì ló ń jẹ. Ihò lẹ́tà á kù, dúdú nínú dúdú, àfi kí o fi ìka wá orúkọ Ààrẹ bí ẹni tó ń wá egbò lára ọmọ.

Aṣọ tí wọ́n fi ń bo òkúta yìí ló tilẹ̀ ń dójú ti ènìyàn jù. Sátíìnì pupa ni, òrùka ni wọ́n fi gbé e kọ́ wáyà. Bí wọn kò bá fa wáyà náà le, àárín rẹ̀ á wọlẹ̀, òrùka á há sí ibi tó tẹ̀. Àṣìṣe kejì ni kí wọ́n so okùn mọ́ òrùka tó wà nídìí dípò èyí tó ṣáájú. Bí ọ̀gá bá wá fà á báyìí, gbogbo aṣọ á ká jọ sójú kan, á sì kọ̀ jálẹ̀. Ìdajì orúkọ á yọ síta. Onílù kò ní dáwọ́ dúró, àwọn tó ń ya fọ́tò kò ní dáwọ́ dúró, ọmọ iṣẹ́ kan á gun àga oníke, á máa fi ọ̀pá ìgbálẹ̀ ta òrùka. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ṣe tiyín lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ dán an wò lẹ́ẹ̀mẹta kí mọ́tò àkọ́kọ́ tó dé.

Òfin sì wà nílẹ̀ o. Nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ní àfikún kẹrin, iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni láti sọ òpópónà lórúkọ àti láti fi nọ́ńbà sára ilé. Gbólóhùn kan náà ló gbé méjèèjì, bí ìbejì. A gbé Táíwò pọ̀n, a gbàgbé Kẹ́hìndé sórí ẹní. Kò sí gómìnà tó máa wá gé ríbọ́nù nítorí pé wọ́n kọ 14 sára ilé ìyá alákàrà. Nọ́ńbà kì í sọ ènìyàn di mínísítà. Bí ọmọ tó ń gbé ẹrù káàkiri bá wá dé, ohun tí ẹ máa gbọ́ lórí fóònù nìyí:

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti dé àdírẹ́ẹ̀sì tẹ́ ẹ kọ o."

"Ibo lo wà báyìí?"

"Iwájú pátákó Ààrẹ."

"Èwo nínú wọn?"

"Ẹ̀gbọ́n, ó ju ẹyọ kan lọ ni?"

"Àbúrò, jọ̀ọ́, padà sẹ́yìn. Bi wọ́n ní Nẹ́pà, kí o dúró síbẹ̀, mò ń bọ̀."

Nẹ́pà yẹn gan-an ni kí ẹ gbọ́. Láti 2005 ni NEPA, ilé-iṣẹ́ iná ìjọba, ti di PHCN. Ní 2013 wọ́n ta iná fún àwọn aládàáni, BEDC, ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná láti Benin, ló ń mú owó iná wa láti ìgbà náà. Gbogbo ìyẹn kò kan Akúrẹ́. Ọjà Nẹ́pà ni ọjà Nẹ́pà. Kò sẹ́ni tó ṣí aṣọ lójú rẹ̀ rí, kò sí òkúta, kò sí ilé ìgbìmọ̀ tó hó bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ilé-iṣẹ́ náà kú, orúkọ rẹ̀ kò kú. Èyí tí gómìnà sọ ni àbísọ, èyí tí kọ́ńdọ́ ń pè ni àlàjẹ́, ẹ̀yin náà ẹ mọ èyí tí mọ́tò ń dúró fún. Orí ìjókòó iwájú kẹ̀kẹ́ Márúwá ni ọ́fíìsì tó ń forúkọ sílẹ̀ ní Akúrẹ́ wà.

Kì í sì í ṣe pé ẹnu wa kórìíra orúkọ olóṣèlú tàbí ológun. Onyearugbulem ńkọ́? Ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi ni, ó ṣe alákòóso ìpínlẹ̀ Oǹdó láti 1996 sí 1998. Lẹ́tà mẹ́tàlá ni orúkọ rẹ̀, kò sí ibi tí ahọ́n Àkúrẹ́ ti lè sinmi nínú wọn, síbẹ̀ ìyá aláta ń pè é geerege láìmu omi sí i. Ọjà tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè ní Akúrẹ́ ló gbé e dúró. Ènìyàn ń ná nǹkan níbẹ̀, ó ń jà nítorí owó tó ṣẹ́kù níbẹ̀, ó ń wọkọ̀ níbẹ̀. Ọba Adésídà, Déjì Akúrẹ́, ní tirẹ̀ fi ọgọ́ta ọdún jókòó lórí ìtẹ́, 1897 sí 1957, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa bi í pé kí ló fi gba títì.

Kí ẹ má sì rò pé ẹgbẹ́ òṣèlú tó wà níbẹ̀ lónìí ló dá àṣà yìí sílẹ̀. Ọmọ ilé ni. Ní 1982, Ajáṣin, gómìnà wa, dá yunifásítì ìpínlẹ̀ sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì, ó sọ ọ́ ní Obafemi Awolowo University nígbà tí Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ ṣì ń mí, tó ṣì ń du ipò ààrẹ. Ológun dé, wọ́n yọ orúkọ, ó di Ondo State University. Awólọ́wọ̀ kú ní May 1987, orúkọ kan náà bá gba Ifẹ̀ lọ. Nígbà tí Èkìtì gba òmìnira ní 1996, ilé-ìwé Adó bá wọn lọ. Tiwa tún bẹ̀rẹ̀ ní Àkùngbá ní 1999, orúkọ tó sì wà lẹ́nu géètì rẹ̀ báyìí ni ti Adekunle Ajasin. Ẹni tó fi ọ̀gá rẹ̀ sọ ilé-ìwé ti di ẹni tí wọ́n fi sọ ilé-ìwé. Ti Òkìtìpupa náà ti di ti Olusegun Agagu, gómìnà wa nígbà kan, OAUSTECH ni gígé rẹ̀ kúrú, kí ọmọ tó ń kọ fọ́ọ̀mù JAMB lè máa wò ó bóyá Ifẹ̀ ló ti ní ẹ̀ka létí òkun.

Ẹni tó ń sanwó rẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́. Òǹtẹ̀ á yí, orí lẹ́tà á yí, káàdì ìdánimọ̀ á yí, àdírẹ́ẹ̀sì íńtánẹ́ẹ̀tì á yí, ìméèlì àtijọ́ á sì máa dá iṣẹ́ padà. Ìwé ẹ̀rí á máa jẹ́ orúkọ kan, ìwé máàkì tí wọ́n tẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́fà á máa jẹ́ òmíràn. Àwọn tó ń yẹ ìwé wò ní Kánádà kò mọ ìtàn Ajáṣin, èrú ni wọ́n máa kọ́kọ́ rò. Àfi kí ó tún gba lẹ́tà lọ́dọ̀ ọ̀gá àkọsílẹ̀ pé ilé-ìwé méjèèjì, ọ̀kan náà ni. Àwọn ọmọ Yunifásítì Èkó mọ èyí ní 2012, wọ́n tú síta nígbà tí Jonathan sọ wọ́n di Moshood Abiola University, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó bínú sí Abíọ́lá nínú wọn. Jonathan jẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Maiduguri kò rí bẹ́ẹ̀ ṣe ní July 2025: Buhari kú, kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, orúkọ rẹ̀ ti wà lórí yunifásítì wọn.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba iṣẹ́ pátákó, ẹ má lẹ sítíkà mọ́ páànù. Oòrùn Akúrẹ́ á ká etí rẹ̀ sókè, lẹ́yìn ẹ̀rùn méjì orúkọ ẹni ńlá á ku lẹ́tà mẹ́ta. Alumíníọ́ọ̀mù ni kí ẹ lò. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ fi wẹ́dà jó o mọ́ géètì kí ó lè wà títí ayé, ẹ dáhùn pé ó dáa, kí ẹ fi bóòtù mẹ́rin dè é. Kí ẹ fi gíríìsì díẹ̀ sí ẹnu rẹ̀ kí ó má dípẹtà. Sípánà 13 ló ń tú u.