Èsì wa sí oníbàárà: kilt tó fún ẹ̀gbọ́n, kilt tó tóbi lára àbúrò

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n wa. A ti ka ohun tí ẹ kọ. Ẹ ní kilt méjì (aṣọ onípìlíìtì tí àwọn ọkùnrin Scotland ń ró mọ́ ìdí) tí ẹ rà ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Glasgow ní ọdún méjì sẹ́yìn fún ìgbéyàwó, tiyín àti ti àbúrò yín, kò dára mọ́. Tiyín ti súnkì nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ihò okùn tó kẹ́yìn lẹ ń kọ́ ọ sí, pìlíìtì ẹ̀yìn, ìyẹn aṣọ tí a ká léra, ń ya, iwájú sì ń wálẹ̀. Ti àbúrò yín ń yí kiri lára rẹ̀, ó ti bọ́ kọjá orúnkún. Ìràwọ̀ méjì lẹ fún wa. Ẹ ṣeun tí ẹ fi àwòrán sí i, torí ó jẹ́ ká rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an. A ó dáhùn níbí torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní irú ìṣòro yìí, ṣùgbọ́n a ò ní kọ ìwọ̀n ara yín síta.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ súnkì. Aṣọ irun àgùntàn tí yáàdì kan rẹ̀ wúwo tó áwùǹsì 16 la fi rán méjèèjì, kì í sì í súnkì lórí hángà. Omi gbígbóná àti ẹ̀rọ ìfọṣọ ló lè ṣe é bẹ́ẹ̀, bó bá sì ṣẹlẹ̀, kì í mú fífẹ̀ nìkan, á mú gígùn pẹ̀lú. Ẹ tẹ́ kilt yín sórí tábìlì, ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n láti etí òkè dé etí ìsàlẹ̀, kí ẹ wá wo nọ́ńbà tó wà lórí káàdì tí a fi sínú páálí rẹ̀. Bí méjèèjì bá bára mu, aṣọ wà bó ṣe wà, ara ló yí padà. Kò sí ẹ̀bi nínú ìyẹn, ó sì ní àtúnṣe.

Kilt kì í ṣe ṣòkòtò olókùn tí èèyàn ń fà mọ́ra tàbí dẹ̀ bó ṣe wù ú. Yáàdì 8 ni aṣọ tó wà nínú tiyín. Awẹ́ méjì ló wà níwájú, ọ̀kan lórí èkejì, gbogbo ìyókù sì di pìlíìtì lẹ́yìn. Ká mú ọkùnrin kan tó jẹ́ íǹṣì 36 lókè ìdodo, tó sì jẹ́ íǹṣì 41 níbi tí ìdí ti yọ jù. Bí pìlíìtì rẹ̀ bá jẹ́ 27, ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan á fẹ̀ tó íǹṣì 3/4 ní ìdí, á sì tín-ín-rín sí bíi íǹṣì 2/3 bó bá dé òkè. Ìyàtọ̀ yẹn kò tó nǹkan lójú, ṣùgbọ́n òun ló ń jẹ́ kí ẹ̀yìn kilt gba ìrísí ara. Ọwọ́ la fi ń rán pìlíìtì kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ láti òkè dé ìdí, a ó fi sítéè, aṣọ líle tó ń gbé e dúró, tì í lẹ́yìn, láíníìnì, aṣọ inú, á wá bò ó. Lábẹ́ láíníìnì yẹn, a ti gé aṣọ tó pọ̀ jù kúrò lẹ́yìn pìlíìtì kí ọ̀gangan ibẹ̀ má bàa ki. Nítorí náà, láìtú ìránṣọ, okùn awọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti ìkọ́ irin wọn nìkan ló lè tẹ̀lé ara.

Okùn kan wà lápá òsì: ó wá láti awẹ́ abẹ́, ó gba ojú ihò tí a là sí ẹ̀gbẹ́ aṣọ jáde. Méjì wà lápá ọ̀tún lára awẹ́ òkè, ọ̀kan lókè, ọ̀kan ní ìdí. Okùn kọ̀ọ̀kan ní ihò 5, íǹṣì 1/2 ló wà láàárín ihò kan sí èkejì, ihò àárín la sì máa ń kọ́ ọ sí kí aṣọ tó kúrò lọ́wọ́ wa. Èyí ni pé okùn òkè ọ̀tún lè fi íǹṣì 1 kún un, ti òsì náà lè fi íǹṣì 1 kún un, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 2. Bó bá ṣe pé ihò tó kẹ́yìn lẹ wà lọ́tùn-ún lósì, ẹ ti fi ó kéré tán íǹṣì 2 fẹ̀ sí i lókè. Kílò tó wà lórí òṣùwọ̀n kò lè sọ ìyẹn fún yín. Ikùn ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin ti kọ́kọ́ ń sanra. Ẹnì kan lè fi íǹṣì 3 fẹ̀ lókè ìdodo, kí ìdí rẹ̀ má sì fẹ̀ ju íǹṣì 1/2 lọ.

Ibẹ̀ ni ìyanjú tiyín wà. Pìlíìtì lè máa ya nítorí pé ìdí ti fẹ̀ ju ibi tí a rán mọ́lẹ̀ lọ, ó sì lè jẹ́ pé okùn ìdí lẹ fà le jù kí kilt má bàa yọ̀ sílẹ̀. Okùn ìdí kì í ṣe fún fífún ara. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó mú etí awẹ́ òkè dúró jẹ́ẹ́. Ẹ wọ kilt náà sí ipò rẹ̀ lókè ìdodo, ẹ kọ́ okùn méjì òkè, kí ẹ fi okùn ìdí sílẹ̀ láìkọ́ ọ. Ẹ nàró, ẹ má fa ikùn sínú, kí ẹlòmíràn wo ẹ̀yìn yín. Bí pìlíìtì bá panu pọ̀ tó sì wálẹ̀ tààrà, ìdí yín kò ní ìṣòro, òkè nìkan ló fún. Bí wọ́n bá ṣì ń ya láti ibi tí ìránpọ̀ parí sí, ìdí ló fẹ̀.

Bó bá jẹ́ òkè nìkan, a ó sún ìkọ́ irin síwájú, ti ọ̀tún àti ti òsì ní ìwọ̀n kan náà, á sì tún fún yín ní bí íǹṣì 1 sí 2. A kì í gba owó iṣẹ́ yìí lórí kilt tí a bá rán fúnra wa. Bó bá jẹ́ ìdí, iṣẹ́ ńlá ni: a ó tú láíníìnì, sítéè àti okùn, a ó tú gbogbo pìlíìtì, a ó sì tún wọn rán. Bí a bá fi íǹṣì 1/8 péré kún pìlíìtì 27, íǹṣì 3 àti díẹ̀ ti wọlé nìyẹn. A ò lè fẹ méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn kí a fi ìyókù sílẹ̀, torí ìlà tartan, ìyẹn ìlà aláwọ̀ tó dábùú ara wọn lára aṣọ náà, kò ní bára mu lẹ́yìn mọ́. Aṣọ tí a ti gé kúrò lábẹ́ òkè ló sì ń pinnu ibi tí a lè fẹ̀ ẹ́ dé. Ojú ibi tí a ti ká tẹ́lẹ̀ lè hàn fírífírí fún ìgbà díẹ̀, kódà lẹ́yìn tí a bá ti fi aṣọ tútù àti áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, a ó sì sọ ọ́ fún yín ká tó fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ní ti iwájú tó ń wálẹ̀, ikùn ló tì í. Ẹ ti ń wọ̀ ọ́ sábẹ́ ikùn bíi jíìnsì, ni etí iwájú bá sọ̀kalẹ̀, ti ẹ̀yìn sì gòkè. Bí ìkọ́ bá ti sún, tí ó padà sókè ìdodo, etí rẹ̀ á tún wà ní àárín orúnkún yípo.

Ti àbúrò yín ló kàn wá lọ́kàn jù, torí a rí i nínú àwòrán pé ẹnì kan ti lu ihò mẹ́ta tuntun sí okùn apá ọ̀tún nìkan. Bí a bá fa ọ̀tún nìkan, gbogbo awẹ́ òkè á lọ sí ọ̀tún: ìlà àárín tartan kò ní sí lábẹ́ sporran (àpò tí wọ́n ń so síwájú kilt) mọ́, etí awẹ́ á gun orí pìlíìtì àkọ́kọ́, pìlíìtì òsì á sì máa yọjú síwájú. Ohun tí a ń pè ní yíyí kiri nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lu ihò mọ́. A ó pààrọ̀ okùn náà, a ó sì sún ìkọ́ sẹ́yìn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Tó bá ti fọn ju íǹṣì 4 lọ, ìkọ́ kò ní tó. Awẹ́ iwájú á fẹ̀ jù fún ara rẹ̀, àfi ká tún pìlíìtì àti iwájú rán. Ẹ tún sọ pé ó ṣì ń gba abẹ́rẹ́ tó ń mú kó fọn. Kó má ì tíì ná owó àtúnrán. Kó dúró dìgbà tí ìwọ̀n téèpù rẹ̀ bá wà lójú kan fún oṣù mẹ́ta. Bí òde kan bá dé kó tó dìgbà náà, kó yá kilt wọ̀.

Kí ẹ tó fi wọ́n ránṣẹ́, ẹ wọn ara yín lórí ṣẹ́ẹ̀tì tí ẹ máa ń wọ̀ sí i, lókè ìdodo àti ní ìdí. Ti òkè, kí téèpù mọ́ra. Ti ìdí, kí ìka kan lè wọlé. Ẹ má kọ nọ́ńbà ṣòkòtò fún wa, torí ibi tí ṣòkòtò ń jókòó sí rẹlẹ̀ ju ibi tí kilt ń jókòó sí lọ. Ẹ yọ píìnì etí iwájú kúrò pẹ̀lú. Nínú àwòrán, ó gba awẹ́ méjèèjì kọjá, ó sì ti ń fa òwú ya. Awẹ́ òkè nìkan ló yẹ kó wà lára rẹ̀.

Ẹ má gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dráìkílínà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ojú ìfàya tó wà lára aṣọ báyìí ló máa fi hàn wá ibi tí ara ti ń tì í, bí wọ́n bá sì ti lọ̀ ọ́ kúrò, a ò ní rí i.